Àárò Ló Ń Sọ Ni: Àná Gẹ́gẹ́ Bí Àlejò Nínú Èdè Yorùbá

Ní Ṣáṣá, ní Èkó, bí èrò bá dín lọ́jà lọ́sàn-án, ìlú tí kálukú ti wá ni àwọn obìnrin máa ń fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀kan á ní, “Àárò Ìkirè ń sọ mí.” Kò sẹ́ni tó máa ní, “Mo ń sọ àárò Ìkirè.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan pàtó fún pé kí ènìyàn tún máa rí ohun tó ti kọjá bí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Èdè wa ní in. Ibi tí wọ́n ń wá a sí ni kò sí.

Ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ gbólóhùn náà: ebi ń pa mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, oorun ń kùn mí, òtútù ń mú mi. Ènìyàn kì í ṣe olùwà nínú ọ̀kankan wọn, àbọ̀ ni. Àárò bá wọn jókòó. A kò kà á mọ́ iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe. Lára ni a ti ń mọ̀ ọ́n. “Mo rántí” fi ènìyàn ṣe olùwà, ṣùgbọ́n òun náà lábùjá. Ó jọ pé “rán” àti “etí” ló para pọ̀ bí i, nítorí ẹni tó bá gbàgbé ni a ń rán létí. Kódà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ló rìn wá bá etí.

Ní 1688, Johannes Hofer, tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Basel, mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, ti ìpadàbọ̀ sílé àti ti ìrora, ó so wọ́n pọ̀, ó sì sọ àìsàn àwọn tí ọkàn wọn ń fà sílé láti ẹ̀yìn odi ní nostalgia. Nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀, aláìsàn ló fẹ́ rìnrìn àjò padà. Nínú tiwa, ohun tó ti lọ ló ń rìn. Babátúndé, Yétúndé: òkú ló dé, a kò lọ bá a. “Ọjọ́ àtẹ̀yìnwá” sì ni a ń pe èyí tó ti kọjá, bí ẹni pé láti ẹ̀yìn ló ti ń bọ̀. (Ẹnìkan lè ní “ọdún tó ń bọ̀” náà ń bọ̀. Òótọ́ ni. Ó dà bíi pé ibùdókọ̀ ni Yorùbá dúró sí, tí ọkọ̀ ń wọlé lọ́tùn-ún lósì.)

Ṣùgbọ́n kí a má fẹ àárò ju bó ti mọ lọ. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ní àárò ọmọ ń sọ òun, ọmọ náà sì wà láàyè lónìí. Àìsí nítòsí ni àárò ń tọ́ka sí, kì í ṣe àtijọ́ fúnra rẹ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ odindi ìwé nípa ìgbà èwe, kò fi ìrántí sí àkọlé. Ogún Ọmọdé ló pè é, láti inú òwe tó ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwọn tó tú ká ló jẹ ẹ́ lógún. Àdúgbò bíi Ṣáṣá mọ èyí dáadáa: ìkànìyàn 2006 ka 1,277,714 ènìyàn ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ṣáṣá wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti ibòmíràn wá bá àwọn Àwórì onílẹ̀.

Àárò kì í sì í sọ ènìyàn nítorí ohun búburú. Ní ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, àdó olóró bú gbàmù ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Èrò sá, ọ̀pọ̀ já sínú odò lílà ní Òkè-Àfà. Àwọn tó kú lé ní 1,000. Ta ni àárò ọjọ́ yẹn máa sọ? Síbẹ̀, ó ń padà. Àwọn olùtumọ̀ kan á fẹ́ hun “ìtúngbé-àná” fún irú èyí, mi ò sì rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Bí tiransifọ́mà bá bú lóru ní òpópónà wa, tí àwọn àgbà sáré bọ́ síta, wọn kì í ní àwọn rántí Ìkẹjà. Ohun tí wọ́n ń wí ni, “Ó tún ti dé o.”