Ta Ni Yóò Jẹ́jọ́ Òkú Shizukuishi?

Bí ọkọ̀ méjì bá forí sọ ara wọn ní títì, ọlọ́pàá a máa wá wo ipa táyà. Ojú òfuurufú kì í gba ipa táyà. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti dá ẹjọ́ awakọ̀ ológun tí bàálù rẹ̀ bá kan bàálù èrò. Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jàpáánì ní ọjọ́ 30, oṣù Keje, ọdún 1971 yẹ̀ wò.

Bàálù All Nippon Airways kan, Boeing 727, ń bọ̀ láti Chitose, ó ń lọ sí Tokyo. Ènìyàn 162 ni ó wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará ìlú Fuji, ẹbí àwọn ọmọ-ogun tí ó kú sógun, tí wọ́n lọ gbafẹ́ ní Hokkaido. Ogun ti kọ́kọ́ mú ènìyàn wọn lọ ná. Lókè Shizukuishi, ní ibi tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 28,000, bàálù ogun F-86 kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wà tẹ̀ lé olùkọ́ rẹ̀ kan bàálù ńlá náà ní ìrù. Gbogbo àwọn 162 ni ó kú. Akẹ́kọ̀ọ́ fi páráṣúùtì bọ́ sílẹ̀ láàyè.

Ọ̀gá àgbà fún ètò ààbò, tí kò tíì lo oṣù kan lórí oyè, fi ipò sílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, ìjọba pàṣẹ pé kí a ya ibi ìkọ́ṣẹ́ ológun kúrò lára ọ̀nà bàálù èrò. Ìlà tí a lè fi kálàmù fà sórí máàpù ṣáájú ni!

Ṣùgbọ́n olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni a gbé lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní ọdún 1975, ilé-ẹjọ́ Morioka ju olùkọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 4, akẹ́kọ̀ọ́ sí ọdún 2 àti oṣù 8. Ní ọdún 1978, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Sendai dá akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, ó sì fi ìyà olùkọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí a ní kí ó máa tẹ̀ lé olùkọ́ rẹ̀ kọ́ ni ó yan ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ọdún 1983. Àwọn adájọ́ kò sọ pé olùkọ́ kò jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ọ̀gá tí ó wà lókè rẹ̀ ni ó ṣe ètò ìkọ́ṣẹ́ náà, tí wọn kò sì ṣe é dáadáa. Kò yẹ kí a di gbogbo ẹrù náà ru ẹnì kan. Wọ́n sọ ìyà rẹ̀ di ẹ̀wọ̀n ọdún 3, wọ́n sì dá a dúró fún ọdún 3, pé kò ní wọ ẹ̀wọ̀n bí kò bá tún ṣẹ̀. Ìdájọ́ òdodo ni, ṣùgbọ́n ọdún 12 ti kọjá, àwọn tí ilé-ẹjọ́ bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ wọn kò sì sí nínú àpótí ẹlẹ́jọ́.

Ẹjọ́ owó ṣì ń lọ. Ní ọdún 1989, ilé-ẹjọ́ gíga Tokyo pín ẹ̀bi náà sí ọ̀nà mẹ́ta: ó gbé méjì lé ìjọba lórí, ó gbé ọ̀kan lé iléeṣẹ́ bàálù.