Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe di ohun ìyẹ̀wò omi

Omi kànga ní Ìrẹmọ, Ilé-Ifẹ̀, lè mọ́ gaara kí náítíréètì sì kún inú rẹ̀. Ṣáláńgá, ìgbẹ́ ẹran àti ajílẹ̀ ló ń gbé e wọlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan, ìlànà omi mímu Nàìjíríà ti ọdún 2007 sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ló ń pa lára jù: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé ọ́síjìn dáadáa mọ́. Ní adágún bíi Ọpa, tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń fà lómi, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló yẹ ká ṣọ́, torí òun ló ń mú kí ewé-odò hù bo omi.

Kíka gbogbo náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú omi nira, torí púpọ̀ nínú wọn lẹ̀ mọ́ ìdọ̀tí. A ní láti kọ́kọ́ tú wọn. Ní 1883, Johan Kjeldahl, ará Dẹ́ńmáàkì, fi ásíìdì gbígbóná se ọkà kó lè mọ náítírójìn inú rẹ̀. Ilé ìwádìí ilé ọtí bíà Carlsberg ló ń bá ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọtí bíà ló bí i, kì í ṣe omi. Ní 1962, Murphy àti Riley gbé ọ̀nà tí ń sọ fọ́sífééètì di búlúù jáde. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣì lẹ̀ mọ́ ìdọ̀tí, ásíìdì àti ooru ló ń tú u.

Akira Fujishima àti Kenichi Honda, ará Japan, ló ṣí ọ̀nà mìíràn. Ní 1972 wọ́n fi hàn pé titanium dioxide, ohun tó ń sọ ọ̀dà di funfun, ń fọ́ omi sí háídírójìn àti ọ́síjìn bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Ní 1977, Frank àti Bard ní Amẹ́ríkà fi titanium dioxide ba sáyánáìdì inú omi jẹ́. Láti ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti lè bọ́ sípò ásíìdì: ìdọ̀tí ń jó, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń di fọ́sífééètì, àwọ̀ búlúù sì ń sọ iye rẹ̀.

Huijun Zhao àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Griffith, Ọsirélíà, tún lọ síwájú ní 2004: wọ́n ń ka iná mànàmáná tí ìdọ̀tí ń tú sílẹ̀ bó ṣe ń jó. Ìdọ̀tí tí ń jẹ ọ́síjìn inú omi lèyí ń wọ̀n, kì í ṣe ajílẹ̀. 

Lójú tèmi, kànga Ìrẹmọ kò nílò gbogbo èyí. Náítíréètì ti yọ́ sómi tẹ́lẹ̀, bébà olówó pọ́ọ́kú tí ń yí àwọ̀ tó o. Ọpa ni ìmọ́lẹ̀ ti lè wúlò, níbi tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń sá pamọ́ sínú ewé-odò àti ẹrẹ̀. Níbẹ̀ náà, titanium dioxide máa ń di fọ́sífééètì mọ́ ara. Bí a kò bá fọ̀ ọ́ kúrò kí a tó kà á, iye tí ẹ̀rọ máa sọ yóò kéré sí ohun tó wà nínú omi.