Àwòrán Tí Kò Jọ Ohun Kan

Àwọn kan a máa bi wá léèrè pé, èrè kí ni ó wà nínú àwòrán tí kò jọ ohun kan? Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ Edward Wadsworth, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (1889–1949), tí ó gbẹ́ ilé iṣẹ́ àti òrùlé ìlú sára pákó. Ní àkókò ogun 1914–1918, ó ṣe alábòójútó kíkun ọkọ̀ ojú omi ní abilà ní Liverpool, kí ọ̀tá inú ọkọ̀ abẹ́ omi má baà mọ ibi tí wọ́n dorí kọ. Ní 1918 ó gbẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sára igi, ó sì fi tádàwà tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ọkọ̀ náà pàápàá ni a kùn láti da ojú rú. Nítorí náà, òtítọ́ ni àwòrán náà sọ.