Sábó àti Àṣàrò Aláàánú

Inú ‘Sabon Gari’ èdè Haúsá ni a ti yọ Sábó ti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́: ìlú tuntun, ibùdó àlejò. Àwa náà ti ṣe àlejò rí. Ní November 1969, ìjọba Gánà fún àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì; ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ fi ọjà sílẹ̀ wálé. Ní January 1983, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni ìjọba Nàìjíríà fún irú wọn. Ará Gánà ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. A kò ronú wẹ̀yìn. Àwọn àgbà ní kí ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Mo gbà pé inú irú àṣàrò bẹ́ẹ̀ ni àánú ti ń wá. Bí ẹ bá ń gba Sábó kọjá, ẹ rántí ẹrù tí àwa náà dì.