Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ìdí Tí Àwọn Oníkọ̀ǹpútà Àtijọ́ Kò Fi Ka Kátíríìjì Géèmù Sí

"Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́." Láti Adó-Èkìtì títí dé Ìjan, ẹni tó fẹ́ ṣe ìnáwó tó ju agbára rẹ̀ lọ ni àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún: wo àpò rẹ kí o tó dá aṣọ ẹbí. Ìtumọ̀ yẹn dára, ṣùgbọ́n apá kan ni. Òwe náà kò ní kí ìtẹ́ kéré. Ohun tó sọ ni pé kí eku àti ìtẹ́ bára mu. Èyí tó tóbi jù, òfò ni. Èyí tó há jù, eku kò ní gbé inú rẹ̀. Apá méjèèjì yìí ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ kan wò, èyí tó máa ń ya àwọn tó ń kó kọ̀ǹpútà àtijọ́ jọ lẹ́nu: kí ló dé tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ra kọ̀ǹpútà sílé láàárín ọdún 1982 sí 1990 kò fi bìkítà fún kátíríìjì géèmù, nígbà tó jẹ́ pé òun ló yá jù, òun ló sì ń tọ́jọ́ jù? Àwọn kan ń pè é ní àìmọ̀kan. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣírò ni, ìṣirò wọn sì tọ̀nà.

Àpótí ike pẹlẹbẹ ni kátíríìjì, ṣíìpù kan tàbí méjì ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ti kọ géèmù sí láti ilé iṣẹ́, tí ẹni tó rà á kò sì lè kọ nǹkan mìíràn lé e. Jerry Lawson, ẹnjiníà aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣáájú àwọn tó ṣe Channel F ní ilé iṣẹ́ Fairchild, ẹ̀rọ géèmù tó jáde lọ́dún 1976, tó kọ́kọ́ ń gba irú kátíríìjì bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ orúkọ rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ géèmù ni Channel F. Kọ̀ǹpútà ilé kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1982, Clive Sinclair gbé kọ̀ǹpútà ilé ZX Spectrum jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: £125 fún èyí tó ní àyè ìrántí kílóbáìtì 16, £175 fún ti 48. Kásẹ́ẹ̀tì bíi ti orin ni wọ́n fi ń kó géèmù sínú rẹ̀. Ẹni tó ni ín á so rẹ̀kọ́dà mọ́ ọn, á pàṣẹ LOAD, á tẹ rẹ̀kọ́dà; igbe fíìn á gba ilé kan, ìlà aláwọ̀ mèremère á máa sáré ní etí tẹlifíṣọ̀n, géèmù ńlá a sì gba bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó wọlé tán. Bí ohùn bá kọsẹ̀ lágbede méjì, wọ́n á dá a padà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1983, Sinclair bẹ̀rẹ̀ sí í ta Interface 2 ní £19.95, kí Spectrum lè máa gba kátíríìjì. Kátíríìjì kan jẹ́ £14.95. Géèmù Jetpac wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ Jetpac yìí kan náà wà lórí kásẹ́ẹ̀tì ní £5.50. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lórí kátíríìjì á kọ́kọ́ san £34.90, ó lé ní ìlọ́po mẹ́fà ohun tí aládùúgbò rẹ̀ san, nítorí kí ó má baà dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ti àpò nìyẹn. Ti àyè tún le jù ú lọ: kátíríìjì náà kò gbà ju kílóbáìtì 16, nígbà tí àwọn tó ń ṣe géèmù ti ń kọ èyí tó kún 48. Eku ti dàgbà kọjá ìtẹ́. Géèmù mẹ́wàá péré ló jáde fún Interface 2.

Àwọn kan lè ní ti kọ̀ǹpútà Commodore 64 yàtọ̀, nítorí pé ihò kátíríìjì ti wà lára tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́ lọ́dún 1982, àmọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ló wà, níbi tí ojú kì í tètè dé. Àwíjàre yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀yìn yẹn kan náà ni ojú ibi tí wọ́n ń so rẹ̀kọ́dà àti ẹ̀rọ díìsìkì mọ́ wà, kò sì sẹ́ni tó wá ìyẹn tì. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò gbàgbé ihò náà: nígbàkígbà tí wọ́n bá tàn án, á kọ́kọ́ yẹ ojú àmì 32772 nínú ìrántí wò bóyá lẹ́tà CBM80 wà níbẹ̀, bó bá ti rí i, inú kátíríìjì ló ń gbà lọ tààrà. Ohun tó fa àwọn ará Amẹ́ríkà kúrò níbẹ̀ ni díìsìkì, tí ojú rẹ̀ kan ń gba kílóbáìtì 170, nígbà tí kátíríìjì tó wọ́pọ̀ ń gba 8 tàbí 16.

Àtakò tó wúwo jù ni ti olè: wọ́n ní kásẹ́ẹ̀tì ṣeé dà kọ, kátíríìjì kò ṣeé dà kọ, nítorí náà ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wá. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwa tí a mọ bí wọ́n ṣe ń da orin fújì láti inú kásẹ́ẹ̀tì kan sínú òmíràn kò lè jiyàn rẹ̀. Àmọ́ láti 1984 ni ilé iṣẹ́ Mastertronic ti ń ta géèmù orí kásẹ́ẹ̀tì ní £1.99, àwọn èèyàn sì ń rà á wìtìwìtì. Ẹni tí olè jíjà nìkan wà lọ́kàn rẹ̀ kò ní san kọ́bọ̀. Ìdí mìíràn wà tí mo gbà pé ó tẹ̀wọ̀n ju èyí lọ. Àwọn ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà ìgbà náà máa ń tẹ ètò jáde, ọmọdé a jókòó, a fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìlà kọ̀ọ̀kan, a tún un ṣe bó ṣe wù ú, a wá fi pamọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá fi pamọ́, bí iná bá ti lọ, gbogbo làálàá rẹ̀ ti ṣòfò. Rẹ̀kọ́dà ti di dandan nínú ilé bẹ́ẹ̀. Kátíríìjì kì í gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó rà á.

Lọ́dún 1990, ilé iṣẹ́ Commodore àti ti Amstrad tún gbìyànjú kátíríìjì: wọ́n yọ kíbọ́ọ̀dù kúrò lára kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀rọ géèmù oníkátíríìjì. Àwọn méjèèjì kùnà.

Bí ó bá wá jẹ́ pé kátíríìjì ló ní àbùkù, kí ló dé tí àwọn ọmọ tiwa fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Láàárín 1990 sí 2000, àwọn ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ṣe ní àfarawé Famicom ti Nintendo wọ ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń so wọ́n mọ́ tẹlifíṣọ̀n, "kásẹ́ẹ̀tì" ni gbogbo èèyàn sì ń pe kátíríìjì wọn. Wọ́n á kọ ọ́ sára òmíràn pé géèmù ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń yí po lábẹ́ orúkọ oríṣiríṣi. Síbẹ̀ wọ́n ń rà á, wọ́n ń yá ara wọn, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ láti ilé dé ilé. Ọ̀nà mìíràn kò sí tí géèmù lè gbà wọ ẹ̀rọ wọ̀nyẹn, ìwọ̀n géèmù tí wọ́n ṣe fún wọn kò sì ju ìwọ̀n ohun tí kátíríìjì wọn lè gbà.