Ajá kejì nílé: bí ẹ ó ṣe mú un wọlé láìsí ìjà

Ọ̀rọ̀ olè ló ń mú kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé ìlú onílùú fi ajá kejì kún ti àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n sì sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á ra ajá lọ́jà, wọ́n á gbé e délé, wọ́n á ti géètì, wọ́n á tú u sílẹ̀ kí àwọn méjèèjì "lọ mọ ara wọn". Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ajá tó wà nílé kò mọ̀ pé owó lẹ fi ra àlejò yìí. Lójú tiẹ̀, olè ló wọlé, iṣẹ́ tí ẹ torí ẹ̀ ń bọ́ ọ ló sì ń ṣe.

Ìjà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajá nìkan. Ọmọdé tó bá fẹ́ là wọ́n ni wọ́n máa ń gé jẹ, tó bá sì jẹ́ ilé fésì-mi-kí-n-fésì-ẹ, ọmọ ayálégbé mìíràn lè ni. Àwa tí a jẹ́ àlejò níbi tí a wà, a mọ ibi tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lè já sí. Ajá tó bá sì sá jáde nítorí ìjà ní Jos, ní gúúsù Kàdúná tàbí ní Calabar, ó lè di ẹran ọbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. (Ká má purọ́, àwọn ará Oǹdó wa náà ò kọ ẹran ẹ̀.)

Kí ẹ tó rò ó pé wọ́n á pàdé rárá, ẹ bi ẹni tó tà á fún yín léèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Tó bá ní òun ti gún un lábẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n tí kò ní káàdì, ẹ kà á sí pé kò gún un. Ọjà ni mò ń tà, mo mọ ohun tí ẹnu ọlọ́jà lè sọ. Ọmọ ajá kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́yìn ìyá ẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni dókítà ẹran ti máa ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ẹ̀, á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin títí ajá á fi tó oṣù mẹ́rin. Ti dìgbòlugi máa ń wọlé ní bí oṣù mẹ́ta, wọ́n á tún un gún lẹ́yìn ọdún kan. Iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tó wà ní Vom, nítòsí Jos, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ dìgbòlugi yìí nílẹ̀ wa níbí. Ajá àgbà ilé náà gbọ́dọ̀ ti gba tiẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ya àlejò sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14. Ìdí pàtàkì ni àrùn tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní parvo: èébì, ìgbẹ́ gbuuru tó lẹ́jẹ̀ nínú, ọmọ ajá á sì lè kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kòkòrò ẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọṣẹ lásán ò ràn án. Bílíìsì ìwọ̀n kan nínú omi ìwọ̀n 30 ni kí ẹ fi fọ ilẹ̀ ibẹ̀. Abọ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀, okùn tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 14 kò tó fún dìgbòlugi o. Ìyẹn lè fara pa mọ́ sínú ajá fún oṣù mélòó kan, abẹ́rẹ́ nìkan ló wà fún un.

Tí ẹ bá ṣì ń yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà, akọ àti abo ló sábà máa ń rọrùn jù. Abo méjì tó bá dìjà, ìjà wọn kì í tán bọ̀rọ̀. Akọ àti abo ńkọ́? Ẹ tẹ akọ lọ́dàá, àbí kí ẹ múra sílẹ̀ fún ọmọ, nítorí oyún ajá kò ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ.

Ìpàdé àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ wáyé nínú ọgbà yín. Ẹ wá pápá tí ajá ilé kì í tọ̀ sí, kó má sì jẹ́ ojú ọ̀nà mọ́sáláṣí, nítorí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ àwọn. Èèyàn méjì ni á lọ, oníkálukú pẹ̀lú ajá kan lókùn. Ẹ jọ máa rìn lọ síbì kan náà, kí àyè bíi mítà 10 wà láàárín yín, ẹ máa sún mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fa okùn le. Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Tẹ́ ẹ bá di okùn mú gírígírí, ajá yín á rò pé ẹ ti ṣe tán láti jà pẹ̀lú òun. Tí wọ́n bá gbóòórùn ara wọn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹ pè wọ́n kúrò, kí ẹ tún padà.

Ẹ má fi ìrù tó ń jù dájọ́. Ajá tí ara ẹ̀ le gbagidi, tí irun ẹ̀yìn ẹ̀ dìde, tó tẹjú mọ́ èkejì láìṣẹ́jú, kò sí eré nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ mú un kúrò. Èyí tó tẹ iwájú mọ́lẹ̀ tó gbé ìdí sókè, eré ló ń pè. Tó bá kùn, ẹ má nà án: ajá tí wọ́n bá nà nítorí kíkùn á kọ́ láti gé ni jẹ láìkìlọ̀.

Tẹ́ ẹ bá délé, kí wọ́n jọ wọlé lókùn. Ẹ ti kó abọ́ oúnjẹ àti egungun kúrò nílẹ̀, nítorí oúnjẹ ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ẹ máa bọ́ wọn níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi á tún sọ pé kí àgbà kọ́kọ́ jẹun. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́.

Tí ìjà bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ki ọwọ́ bọ àárín wọn. Ẹ da omi lé wọn lórí, ẹ lu ìkòkò, tàbí kí ẹ fi pákó gbooro pín wọn níyà.

Ẹni tí wọ́n bá gé jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15. Kò sí ata, kò sí epo, kò sí irun ajá tí wọ́n sun. Ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí dìgbòlugi tó bá ti fara hàn lára èèyàn, ikú ló sábà ń já sí. Ẹ má pa ajá náà. Ẹ so ó mọ́lẹ̀, kí dókítà ẹran máa wò ó fún ọjọ́ 10. Tí ìwà ẹ̀ bá yí padà tàbí tó bá kú láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ sọ fún ilé ìwòsàn kíákíá.