Ọ̀nà Kan, Ohùn Púpọ̀: Ìtàn Tẹlifóònù láti Ọ́fíìsì Ìjọba dé Inú Ilé ní Kàdúná

Kàdúná kì í ṣe ìlú àtayébáyé bíi Kánò tàbí Ọ̀yọ́. Ìjọba amúnisìn ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Lugard ni ó yan ibẹ̀, lẹ́bàá odò tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1917, olú-ìlú ìjọba Àríwá ti kúrò ní Zungeru, ó ti dé Kàdúná. Ìlú tí a bá tẹ̀ dó nítorí iṣẹ́ ìjọba, ohun èlò ìjọba ni yóò kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ojú irin dé, wáyà tẹligíráàmù sì bá a rìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń gba orí wáyà wọ Kàdúná. Ìbéèrè tí ó yẹ kí òpìtàn bèèrè ni pé ọ̀rọ̀ ta ni wáyà náà ń gbé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú. Àwọn Yorùbá tí wọ́n bá rélùwéè gòkè Ọya, àwọn akọ̀wé, àwọn oníṣòwò, àti àwọn tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles lẹ́yìn ọdún 1957, lẹ́tà ni wọ́n ń kọ sílé. Ẹni tí ó bá ń lọ sílé ni wọ́n sì máa ń fi í rán. Orúkọ òpópónà bíi Ibadan Street àti Lagos Street ṣì ń jẹ́rìí sí wọn ní ìlú náà. Bí ọ̀ràn bá le, tẹligíráàmù ni. Iye ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni a ń sanwó lé lórí, ìdí sì nìyí tí ìròyìn ikú bàbá ẹni kì í fi í ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ.

Tẹlifóònù fúnra rẹ̀ falẹ̀ kí ó tó dé. Ọdún 1923 ni a kọ́kọ́ fi tẹlifóònù tí a ń sanwó lò so ìlú méjì pọ̀ ní Nàìjíríà, láàárín Ìtú àti Kàlàbá. Láàárín ọdún 1946 sí 1952 ni a gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn, tí a wá nà dé Òṣogbo, Kàdúná, Kánò, Benin àti Enugu. Ìjíròrò mẹ́ta péré ni ẹ̀rọ náà lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ́fíìsì ìjọba bá mú ọ̀kan, tí ilé-iṣẹ́ òyìnbó mú èkejì, kí ni ó kù fún aláṣọ tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó rẹ̀ ti bímọ? Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, láìnì 18,724 ni ó wà fún nǹkan bí 40 mílíọ̀nù ènìyàn. Ìyẹn ni pé ènìyàn tí ó lé ní 2,000 ni yóò pín láìnì kan.

Ní 1985 ni a da ẹ̀ka tẹlifóònù P & T pọ̀ mọ́ NET, tí a fi dá NITEL sílẹ̀, ṣùgbọ́n okùn náà kò tú tán. Nígbà tí rògbòdìyàn Ṣàríà bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná ní oṣù kejì ọdún 2000, tí ó tún bẹ́ ní oṣù karùn-ún, láìnì tẹlifóònù ní gbogbo orílẹ̀-èdè kò tí ì pé mílíọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wó lulẹ̀. Ìyá tí ó wà ní Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọmọ rẹ̀ ń gbé Kàdúná, kò ní ohun tí ó lè ṣe ju kí ó máa retí ọkọ̀ tí ń ti òkè Ọya bọ̀, kí ó sì máa wo ojú àwọn tí ń sọ̀ kalẹ̀.

GSM dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001. Ìtàn yẹn ti di mímọ̀ fún tilé-toko, kò sí ìdí láti fà á gùn. Èyí tí a kì í sábà sọ ni ti tẹlifóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ VocalTec ti ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni ó kọ́kọ́ gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ jáde fún títà ní 1995. Skype sì dé ní 2003. Ní ilé ìtajà íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ òbí ti kọ́kọ́ bá ọmọ tí ó wà ní London sọ̀rọ̀ báyìí, sátẹ́láìtì ni ó sì ń gbé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Sátẹ́láìtì yìí wà ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 lókè. Kí ohùn tó gòkè kí ó sì sọ̀, ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá ti lọ. Kí èsì tó padà, ó ti di ìdajì. Nítorí náà ni bàbá àti ọmọ fi máa ń já lu ọ̀rọ̀ ara wọn, tí onítọ̀hún yóò rò pé ọmọ òun kò ní sùúrù mọ́.

Okùn abẹ́ òkun ni ó yí èyí padà. SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, MainOne sì gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2010. Bí owó íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wálẹ̀, ó kúrò ní ọjà, ó wọ ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, modem kékeré tí a ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ni, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì ń jẹ ànfààní rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni router dé. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ayé òde fi mọ ilé náà. Router ni ó mọ èyí tí ó jẹ́ ti bàbá, èyí tí ó jẹ́ ti ọmọ, àti èyí tí ó jẹ́ ti tẹlifóònù. Iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ P & T ń jókòó ṣe nídìí pátákó wáyà, tí ń so ẹni tí ń pè mọ́ ẹni tí a ń pè, ti bọ́ sọ́wọ́ àpótí kékeré kan ní pálọ̀.

Pẹ̀lú ipò yìí ni ìjà àtijọ́ bá a wọlé: ta ni yóò kọ́kọ́ kọjá? Gígé ni a ń gé ohùn wẹ́wẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nǹkan bí ègé 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò gba àyè púpọ̀, nítorí ìjíròrò kan kì í sábà ju kílóbíìtì 90 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìdádúró ni kò lè fara dà. Fídíò lè kó tirẹ̀ jọ sílẹ̀ kí ó tó máa fi hàn, ṣùgbọ́n ègé ohùn tí ó bá pẹ́ jù ti di aláìwúlò. Bí ọmọ kan bá ń fi fídíò ńlá ránṣẹ́ nínú yàrá, ohùn ìyá rẹ̀ yóò máa já ní pálọ̀. Àwọn kan a sáré lọ ra ọ̀nà tí ó fẹ̀ sí i, owó a sì ṣòfò. Ó sàn kí a kọ́kọ́ pàṣẹ fún router pé kí ohùn máa ṣáájú, bí ọkọ̀ ti ń yà fún ọkọ̀ tí ó gbé aláìsàn. Kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù tí kì í kúrò lójú kan, wáyà ni ó yẹ kí a fi so wọ́n, ó sì lè gùn tó mítà 100. Wi-Fi wà fún èyí tí ń rìn kiri, nítorí ògiri búlọ́ọ̀kù ń gba agbára rẹ̀. Tẹlifóònù àtijọ́ pàápàá kò di ohun ìsọnù. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń fi í bọ̀, tí yóò sọ ohùn rẹ̀ di ègé.

Nínú ohun kan, ti àtijọ́ dára ju ti ìsinsìnyí lọ. Wáyà NITEL ni ó ń gbé iná tẹlifóònù wá láti inú bátìrì ilé-iṣẹ́ wọn, nítorí náà bí NEPA bá mú iná lọ, tẹlifóònù ṣì ń dún. Router kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ, gbogbo ilé dákẹ́. Ilé tí ó bá fẹ́ gbára lé tẹlifóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Kàdúná níláti pèsè bátìrì fún router àti modem ṣáájú kọ̀ǹpútà, iná tí wọ́n ń jẹ kò sì tó nǹkan.

Ṣùgbọ́n bátìrì kò lè dá ohun gbogbo dúró. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pé a ó ti ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ pa ní àwọn agbègbè kan nínú ìpínlẹ̀ náà, kí àwọn agbébọn má baà rí ọ̀nà bára wọn sọ̀rọ̀. Ìdí náà kì í ṣe kékeré, nítorí owó ìtúsílẹ̀ orí tẹlifóònù ni wọ́n ti ń dúnàá dúrà rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀nà kan náà ni àwọn ẹbí àwọn tí a jí gbé ń retí ìròyìn lé lórí. Nígbà tí òpó tí ó wà lóde kò ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn ará abúlé wọ̀nyẹn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ lọ sí ibi tí tẹlifóònù ti ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó lè sọ fún ará ilé pé àwọn wà láàyè.